Eré A Raisin in the Sun: ìbéèrè àti ìdáhùn fún òṣèré, olùdarí àti akẹ́kọ̀ọ́

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú eré náà, ní kúkúrú?

Ìdílé Younger, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ń gbé ní South Side ní ìlú Chicago, àwọn márùn-ún nínú ilé tóóró kan tí wọ́n háyà. Lena ni ìyá àgbà. Walter Lee ni àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 35, tó ń wa mọ́tò fún òyìnbó ọlọ́lá kan. Ruth ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú ilé fún àwọn òyìnbó. Travis ọmọ wọn ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, orí àga gbọọrọ inú pálọ̀ ló sì ń sùn. Beneatha, àbúrò Walter, ń kàwé kó lè di dókítà. Bàbá ilé ti kú, iléeṣẹ́ adójútòfò sì fẹ́ fi sọ́wédowó $10,000 ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀.

Kálukú ló ti ná owó náà tán nínú ọkàn rẹ̀ kó tó dé. Ilé ni Lena ń fẹ́. Walter fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù ọtí sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ méjì. Owó ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni ti Beneatha. Ruth sì ti lóyún, kò mọ ibi tí wọn yóò tẹ́ ọmọ náà sí, ó ti lọ san $5 sílẹ̀ fún obìnrin tí yóò bá a ṣẹ́ ẹ. Nígbà tí Lena ra ilé sí àdúgbò tí òyìnbó nìkan ń gbé, ẹgbẹ́ onílé ibẹ̀ rán Karl Lindner wá, kó fi owó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe kó wá.

Ta ni ó kọ ọ́, ìgbà wo ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é?

Lorraine Hansberry. Chicago ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún, ọdún 1930. Ọdún méjì ló lò ní Yunifásítì Wisconsin kó tó kó lọ sí New York ní 1950, níbi tó ti ṣiṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn Freedom tí Paul Robeson dá sílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń kọ̀ròyìn nípa ìjà òmìnira ní Áfíríkà, ìyẹn ni Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti orúkọ Jomo Kenyatta kò fi ṣàjèjì nínú eré rẹ̀. Àrùn jẹjẹrẹ ló pa á ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1965, ó jẹ́ ẹni ọdún 34.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé eré náà dán wò ní New Haven, Philadelphia àti Chicago, ó dé Broadway, àdúgbò àwọn gbọ̀ngàn eré ńlá ní New York, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, ọdún 1959, ní gbọ̀ngàn Ethel Barrymore. Ẹni ọdún 28 ni Hansberry nígbà náà. Òun ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí eré rẹ̀ dé Broadway, Lloyd Richards tó darí rẹ̀ sì ni olùdarí adúláwọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Sidney Poitier ló ṣe Walter, Claudia McNeil ṣe Lena, Ruby Dee ṣe Ruth, Diana Sands ṣe Beneatha, Ivan Dixon ṣe Asagai, akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà tí Beneatha wù. Ìgbà 530 ni wọ́n ṣe é kó tó kógbá sílé ní oṣù Kẹfà, ọdún 1960. Ẹgbẹ́ àwọn alámèyítọ́ eré ní New York fún un ní ẹ̀bùn eré tó dára jù lọ ní 1959.

Ẹ kíyè sí ọjọ́ yẹn. Eré náà bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ní Broadway kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1960. Nígbà tí Asagai bá ń sọ̀rọ̀ nípa òmìnira, ohun tó ń bọ̀ ló ń sọ.

Kí ni ìtumọ̀ àkọlé rẹ̀?

Inú ewì kan tí Langston Hughes tẹ̀ jáde ní 1951 ni wọ́n ti mú un. Ewì náà ń béèrè ohun tó máa ń dé bá àlá tí a sún síwájú títí: ṣé yóò gbẹ bí èso àjàrà tí a sá sóòrùn ni, àbí yóò bú gbàmù? Ẹni tó bá fẹ́ tú àkọlé náà sí Yorùbá kó má lo “èso” lásán. Èso tútù kọ́ ni. Ohun tó ti ní omi nínú rí, tí oòrùn ti fà á gbẹ, ni ọ̀rọ̀ náà.

Ṣé ìtàn ìdílé Hansberry fúnra rẹ̀ ni?

Rárá, àmọ́ ó mọ ọ̀rọ̀ ilé yẹn dé egungun. Bàbá rẹ̀, Carl Hansberry, kì í ṣe tálákà bíi ti ìdílé Younger. Oníṣòwò ilé ni. Ní 1937 ó ra ilé kan sí 6140 South Rhodes Avenue, ní àdúgbò tí àwọn onílé ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé àwọn kò ní ta ilé fún adúláwọ̀, wọn kò sì ní jẹ́ kó gbé ibẹ̀. Àwọn èèyàn ya bo ilé náà, wọ́n sọ òkò wọlé, òkò ọ̀hún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba Lorraine, tó ṣì jẹ́ ọmọdé. Ìyá rẹ̀ a máa fi ìbọn ṣọ́ àwọn ọmọ lóru.

Ọ̀rọ̀ ilé náà di ẹjọ́, ó dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà, Carl Hansberry sì jàre ní 1940. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣìnà nìyí: ilé-ẹjọ́ kò sọ lọ́jọ́ náà pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ burú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹjọ́ kan tí wọ́n ti dá tẹ́lẹ̀ lórí àdéhùn yẹn kò lè de ẹni tí kò sí níbi ẹjọ́ náà. Ọdún 1948, nínú ẹjọ́ mìíràn, ni wọ́n tó sọ pé ilé-ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ fi agbára ìjọba mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Ìdí nìyẹn tí Lindner inú eré kò fi halẹ̀ ìwé ẹjọ́ mọ́ wọn. Owó ló mú wá, pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́.

Báwo ni $10,000 náà ṣe pín? Ó máa ń rú wa lójú.

Ẹ kọ ọ́ sórí pátákó ní ọjọ́ ìdánrawò àkọ́kọ́, torí òṣèré tí kò bá mọ ìṣirò yìí kò ní mọ ìgbà tó yẹ kí àyà rẹ̀ já.

Lena san $3,500 sílẹ̀ lórí ilé, ó wá ku $6,500. Ó kó gbogbo rẹ̀ lé Walter lọ́wọ́ nínú àpòòwé, ó ní kó fi $3,000 sí báńkì fún ẹ̀kọ́ Beneatha, kí $3,500 tó kù wà lábẹ́ àkóso tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí ilé. Walter kò débi báńkì. $6,500 pátá ló kó fún Willy Harris, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù ọtí sílẹ̀. Àdéhùn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni pé $75,000 ni ṣọ́ọ̀bù náà, pé $30,000 ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀, $10,000 láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Willy ní òun fẹ́ lọ sí Springfield, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Illinois, láti lọ fi owó ẹ̀yìn yára gba ìwé àṣẹ ọtí. Ó gbé owó lọ ráúráú. Bobo, ọ̀rẹ́ kẹta, ló wá sọ fún wọn, owó tirẹ̀ náà sì bá a lọ.

Nítorí náà, kì í ṣe owó ara rẹ̀ nìkan ni Walter pàdánù. Owó àbúrò rẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́ sí i lọ́wọ́ ló jẹ. Òṣèré tó bá ń ṣe Beneatha kó fi èyí sọ́kàn ní apá kẹta. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìbínú rẹ̀ yóò dà bí ti ọmọ tí wọ́n bàjẹ́.

Owó kékeré wà níbẹ̀ tó ṣe pàtàkì ju ti ńlá lọ. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, Travis béèrè sẹ́ǹtì 50 tí ilé-ìwé ní kó mú wá, Ruth ní kò sí. Walter fún un ní sẹ́ǹtì 50 náà, ó tún fi 50 mìíràn lé e kó lè rà nǹkan jẹ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, Walter padà wọlé wá tọrọ owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Bí olùdarí bá sáré kọjá ibẹ̀, ó ti ju kọ́kọ́rọ́ ìwà Walter nù.

Ṣé Yorùbá ni Joseph Asagai lóòótọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí eré ṣe sọ ọ́ nìyẹn: akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà, ọmọ Yorùbá. Orúkọ rẹ̀ ni kò bá a mu. Asagai kì í ṣe orúkọ Yorùbá. Ó jọ orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ kan ní gúúsù Áfíríkà. Ẹ má wá oríkì tàbí ìtumọ̀ sí i, ẹ má sì fi àmì ohùn sí i bí ẹni pé ilé wa ló ti wá.

Ohun tó yẹ ní àtúnṣe ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ òṣèré máa ń fi ohùn líle, ojú gbígbòòrò àti ẹ̀rín gọ̀ǹgọ̀ ṣe é, bí “ará oko tó wọ̀lú”. Asagai kì í ṣe ará oko. Ọ̀mọ̀wé ni, ó máa ń fi ẹ̀fẹ̀ gún ènìyàn lábẹ́rẹ́, òun nìkan ló sì ráyè fi Beneatha ṣe yẹ̀yẹ́ láìbínú. Irú ọmọ Yorùbá tó kàwé ní 1959 ni kí ẹ wò: ohùn pẹ̀lẹ́, èdè òyìnbó tó mọ́, ìkíni tó kún. Bó bá rí Lena, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Kò nílò láti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ibì kan wà tí ẹnu rẹ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní apá kẹta ó ní ní abúlé òun, ẹni tó lè ka ìwé ìròyìn kò tó nǹkan. Ẹ rántí pé Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1955, ó sì ti ń ṣàkóso ara rẹ̀ láti 1957. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti pọ̀ ní abúlé. Ọ̀rọ̀ Asagai lè jẹ́ òótọ́ nípa àwọn àgbà, àmọ́ Yorùbá tó bá wà nínú òǹwòran yóò gbọ́ pé nǹkan kan kù.

“Alaiyo” tó ń pe Beneatha ńkọ́? Báwo la ṣe ń pè é, kí ló sì túmọ̀ sí?

Asagai túmọ̀ rẹ̀ sí ẹni tí oúnjẹ nìkan kò tó fún. Ìyẹn fi hàn pé Aláìyó ni: aláì-, yó. Ẹni tí kò yó. Ohùn rẹ̀ ni re-mi-do-mi. Ìwé eré kò fi àmì sí i, àṣìṣe méjì ló sì máa ń ti ibẹ̀ wá. Àwọn òyìnbó a máa pè é bí orúkọ Ítálì, wọn a fa “yo” gùn. Àwọn òṣèré tiwa a máa gé “ì” jù, wọn a sọ “o” ìparí di “ọ”, wọn a sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó di Aláyọ̀. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni Aláyọ̀, ó tún rọrùn láti sọ lójú ọmọge, ṣùgbọ́n ó ti ba ìtumọ̀ jẹ́: ọ̀rọ̀ tí Asagai fẹ́ sọ ni pé ọkàn obìnrin yìí ń wá nǹkan, kò tíì rí i.

Ká sọ òótọ́, kò sí ìdílé Yorùbá tí yóò sọ ọmọ ní Aláìyó lọ́jọ́ ìkómọ. Lẹ́nu wa, ẹni tí kì í yó kò jìnnà sí wọ̀bìà. Torí náà ìnagijẹ ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin tó ń wù ú. Bí òṣèré bá sọ ọ́ bí ìnagijẹ, pẹ̀lú ẹ̀rín díẹ̀ létí ẹnu, yóò dún lẹ́nu Yorùbá. Asagai alára sọ níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ máa ń yí padà bó bá kúrò nínú èdè kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ wà kó tó túmọ̀ rẹ̀. Ó ń ronú bí yóò ṣe yọ èyí tó burú kúrò nínú rẹ̀.

Aṣọ Nàìjíríà tí Asagai fún Beneatha ńkọ́? Irú èwo ni kó wọ̀?

Asagai sọ pé inú àpótí aṣọ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ni òun ti mú un. Èyí já sí pé aṣọ tí ènìyàn ti wọ̀ rí ni, kì í ṣe aṣọ ìtàgé tó ń dán. Ìró, bùbá, gèlè àti ìpèlé tó bá àsìkò náà mu ló yẹ. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ aláró dára, owó rẹ̀ kò sì gọbọi. Aṣọ òkè, ìyẹn sányán, ẹtù tàbí àlàárì, dára jù bí ẹ bá lè rí i yá, torí bó ṣe wúwo ń jẹ́ kí òṣèré rìn bí ẹni tó wọ nǹkan tí kò mọ́ ọn lára. Ohun tó máa ń ba àsìkò jẹ́ ni léèsì olókùúta, gèlè tó ń kọ mànà, àti áńkárá tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ tòde òní.

Gèlè ni ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ní ìran kìn-ín-ní apá kejì, nínú ìwé eré tó kún, Beneatha yóò ṣí i kúrò lójú George Murchison, ọmọ olówó tó ń fẹ́ ẹ, wọn yóò rí i pé ó ti gé irun rẹ̀, kò sì fi iná nà án mọ́. Ìrísí yẹn gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fi pín-ìnnì kan gèlè mọ́ wíìgì, wíìgì yóò bá a jáde, òǹwòran yóò sì rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ. Ẹ wé e lẹ́ẹ̀mejì péré, kí ẹ fi etí rẹ̀ bọ ẹ̀yìn, kí ọwọ́ kan lè fà á. Òṣèré tó gé irun rẹ̀ gan-an ló rọrùn jù.

Ẹ má kọ́ Beneatha bí a ṣe ń wé gèlè dáadáa o. Hansberry fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìlànà ìtàgé pé abẹ̀bẹ̀ ilẹ̀ Éṣíà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó jáde, pé kò jọ ọmọ Nàìjíríà kankan. Àṣìṣe náà jẹ́ ti Beneatha, òǹkọ̀wé sì mọ̀. Ìlànà tó yẹ kí Yorùbá tó bá ń darí eré yìí tẹ̀ lé kò ju èyí lọ: ohun tó ti ẹnu tàbí ọwọ́ Asagai jáde, ẹ jẹ́ kó tọ́, ohun tí Beneatha ń ṣe, ẹ jẹ́ kó ṣì í. Bí àwọn méjèèjì bá ṣì í, òǹwòran wa yóò rò pé òǹkọ̀wé ni kò mọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá tọ̀nà, ẹ̀fẹ̀ ti kú.

Orin tí Beneatha ń kọ nígbà tó ń jó nínú aṣọ náà ńkọ́? Yorùbá ha ni?

Kì í ṣe Yorùbá. Àwọn ọ̀rọ̀ tó dún bí èdè Áfíríkà ni. Beneatha ní ijó ìkíni káàbọ̀ ni, fún àwọn ọkùnrin tó ti oko ọdẹ dé. Olùdarí tiwa a máa fẹ́ fi orin Yorùbá gidi rọ́pò rẹ̀. Ìṣòro méjì ló wà. Èkíní, ìwé eré tó ní onílé ni. Ẹ kò lè pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà láìgba àṣẹ. Èkejì, bí Beneatha bá kọ orin gidi pẹ̀lú ohùn tó péye, níbo ló ti kọ́ ọ?

Àwo orin tó gbé sórí ẹ̀rọ ni àyè wà fún yín. Asagai ló fún un ní àwo náà, torí náà ìlù ibẹ̀ lè jẹ́ ti wa: dùndún tàbí bàtá, láìsí gìtá iná, láìsí ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́yìn 1959. Àṣẹ orin yàtọ̀ sí àṣẹ eré, ẹ gba méjèèjì.

Walter ti mutí wálé nígbà yẹn. Ó gorí tábìlì, ó ń pariwo bí jagunjagun, ó ń pe Jomo. Bí ẹ bá ní oníjó bàtá tó mọṣẹ́ nínú ẹgbẹ́, ẹ má fún un láyè láti fi ẹsẹ̀ hàn níbí. Walter kò mọ ijó náà. Ohun tó ń múni lọ́kàn ni pé láàárín ọtí àti àṣìṣe, fún ìṣẹ́jú kan, ó ga ju dírẹ́bà lọ. Ẹ dán tábìlì wò: kí ó lè gbé ènìyàn wúwo, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀, kí bàtà òṣèré má yọ̀.

Ènìyàn mélòó la nílò?

Ipa 12 ló wà bí ẹ bá fi Ìyáàfin Johnson, aládùúgbò wọn, kún un: àwọn márùn-ún inú ilé, Asagai, George Murchison, Lindner, Bobo, Ìyáàfin Johnson, àti ọkùnrin méjì tó wá kó ẹrù. Ènìyàn 10 lè ṣe é, torí ẹni tó ṣe George àti ẹni tó ṣe Bobo lè fi fìlà àti aṣọ iṣẹ́ padà wá gẹ́gẹ́ bí akẹ́rù. Lindner nìkan ni òyìnbó. Ní ilé-ìwé tí kò ti sí òyìnbó, ẹ má kun ojú ènìyàn ní funfun. Aṣọ tó bá ọ́fíìsì mu, báàgì àti ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ tó. Bí Lindner bá ń pariwo, ẹ ti ṣìnà. Ó gbà lóòótọ́ pé ọmọlúàbí ni òun.

Kí ni ohun èlò tó máa ń fa wàhálà?

Ewéko Lena. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń ra èyí tó tutù yọ̀yọ̀. Ewéko tí oòrùn fèrèsé kan ṣoṣo kò tó ni, kó tẹ́ẹ́rẹ́, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti máa kú. Ẹ tọ́jú méjì tó jọra, torí ọ̀kan yóò já bọ́ nígbà ìdánrawò, òun náà ni Lena sì padà wọlé wá gbé ní ìparí.

Àpòòwé owó. $6,500 ní owó ọgọ́rùn-ún-ọgọ́rùn-ún jẹ́ ewé 65, kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 7 lọ. Tó bá jẹ́ ogún-ogún dọ́là, ewé 325 ni, ó súnmọ́ sẹ̀ńtímítà mẹ́ta àbọ̀, ìyẹn ló dára jù lójú òǹwòran tó jókòó lẹ́yìn. Ẹ má fi òkìtì owó bíi ti fíìmù ṣe é.

Ẹyin tí Ruth ń dín ní òwúrọ̀: ẹ dín in sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi sínú páànù, kí sítóòfù má tàn. Ohun tí wọ́n ń fọ́n fún aáyán ní ìran kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ omi lásán, torí iwájú oúnjẹ àti ojú òṣèré ni.

Ìgbátí pẹ̀lú. Lena gbá Beneatha létí nígbà tó sọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run, ó tún na Walter nígbà tí owó lọ. Ọwọ́ kì í kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tí wọ́n gbá ló ń yí ojú, ẹlòmíràn ló ń pàtẹ́wọ́ níbi tí òǹwòran kò rí. Ẹ ṣe é lọ́nà díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà 20 kí ẹ tó yára, kí ẹ sì tún un ṣe ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan kí aṣọ tó ṣí.

Balùwẹ̀ kò sí lórí ìtàgé, ìta ló wà, àwọn ará yàrá kejì ń bá wọn lò ó. Ẹni tó ti gbé ilé tí yàrá kọjú sí yàrá kò nílò àlàyé: bí ilẹ̀kùn bá ṣí, kí ènìyàn sáré.

Ìwé eré wo la fi ń ṣe é, ibo la sì ń gbé ìsinmi sí?

Nígbà tí wọ́n ṣe é ní 1959, wọ́n gé àwọn ibì kan kúrò kí ó má gùn jù: Ìyáàfin Johnson, irun Beneatha, àti ibi tí Travis ti ń sọ bí àwọn ṣe lé eku ńlá kan pa ní àdúgbò. Àwọn ìtẹ̀jáde tó dé láàárín àwọn ọdún 1980 síwájú dá wọn padà. Ẹ lo èyí tó kún. Ìyáàfin Johnson ń pa òǹwòran lẹ́rìn-ín, àmọ́ òun náà ló mú ìwé ìròyìn wá, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé àwọn adúláwọ̀ kan. Bí ẹ bá yọ ọ́, kíkó lọ yóò dà bí àríyá lásán.

Eré tó kún súnmọ́ wákàtí mẹ́ta. Apá mẹ́ta, ìran mẹ́fà. Bí ìsinmi bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ gbé e sí ìparí ìran kìn-ín-ní apá kejì, lẹ́yìn tí Lena ti sọ pé òun ra ilé, tí Walter sì ti dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀dùn. Ẹni tó bá gbé e sí ìparí apá kìn-ín-ní yóò rí i pé ìdajì kejì gùn ju ohun tí ìdí òǹwòran lè gbà.

A fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Kí ni kí a ṣọ́ra fún?

Bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Nínú eré, Ruth a máa pe ìyá ọkọ rẹ̀ ní Lena nígbà mìíràn. Ní Yorùbá, ìyẹn nìkan yóò da gbogbo eré rú. “Màmá” ni kó máa pè é. Beneatha tó fi nǹkan bí ọdún 15 kéré sí Walter yóò sọ “Bùọ̀dá”, yóò sì lo “ẹ”. Ẹ jẹ́ kí ó máa lò ó kódà nígbà tí wọ́n bá ń jà, kí ó lè ní nǹkan láti jù sílẹ̀. Ní apá kẹta, nígbà tí Walter fẹ́ lọ gba owó Lindner, Beneatha ní kì í ṣe ọkùnrin, eku tí kò léyín ni. Níbẹ̀ ni “ẹ” yóò ti di “o”, tí “Bùọ̀dá” yóò pòórá. Etí Yorùbá yóò gbọ́ ọ ju èébú eku lọ.

Walter àti Ruth, “o” sí “o”. Bí Ruth bá ń pe ọkọ ní “ẹ” ní gbogbo ìgbà, àwàdà òwúrọ̀ wọn kò ní dùn. Ẹ sì ṣọ́ra fún “Bàbá Travis”. Ó bá ẹnu mu, ṣùgbọ́n ó ń kó ìdílé náà kúrò ní Chicago lọ sí Mọ́kọ́lá.

Lindner ń sọ “ẹ̀yin èèyàn yìí” léraléra. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an. “Ẹ” ọ̀wọ̀ àti “ẹ” ọ̀pọ̀ ènìyàn jọra lẹ́nu wa, kí òǹwòran máa ṣiyèméjì èwo ló ń lò.

Àwọn adúláwọ̀ inú eré ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ilé wọn, kì í ṣe ti ìwé. Yorùbá ìgboro ni kí wọ́n sọ, kí George nìkan máa fi èdè ṣe fáàrí.

Ṣé a nílò àṣẹ?

Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ní Nàìjíríà (2022) dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún ọdún 70 lẹ́yìn ìparí ọdún tó kú. Hansberry kú ní 1965, torí náà ó di ìparí 2035. Bákan náà ni ti Ìlú Ọba. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 95 láti ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ni, ó di ìparí 2054. Concord Theatricals, tó ni Samuel French, ló ń fúnni ní àṣẹ ṣíṣe eré náà. Ẹ fi iye ìjókòó, iye alẹ́ àti owó tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, torí òun ni wọ́n fi ń dá owó lé e. Ìtumọ̀ nílò àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì ti gbà á kí ẹ tó tú ojú ìwé kan.

Ṣé a lè wo fíìmù dípò kíka ìwé?

Fíìmù 1961 tí Daniel Petrie darí dára, Hansberry fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé rẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣèré Broadway ló sì wà níbẹ̀. Àmọ́ ó jáde kúrò nínú ilé náà, nígbà tí eré kò jáde rí. Ìhámọ́ yẹn gan-an ni eré. Ẹ ka ìwé ní àkọ́kọ́.

Ṣé ìparí rẹ̀ dùn?

Walter kọ owó Lindner lójú Travis, ó ní ọmọ òun ni ìran kẹfà ìdílé àwọn ní ilẹ̀ náà. Wọ́n kó ẹrù. Ẹ̀rín wà, Lena sì rí ọmọ rẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n owó ti lọ, ẹ̀kọ́ Beneatha di ohun tí iṣẹ́ ìyanu nìkan lè mú ṣẹ, wọn yóò sì máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó kí wọ́n tó san gbèsè ilé. Ó tún ku ohun tí ń dúró dè wọ́n ní Clybourne Park, àdúgbò òyìnbó tí wọ́n ń kó lọ, èyí tí òǹkọ̀wé ti rí láti ìgbà èwe rẹ̀. Ẹ má fi orin ayọ̀ parí rẹ̀. Lena nìkan lórí ìtàgé, ó wo yàrá yíká, ó jáde, ó padà wá gbé ewéko. Ẹ ka 5 kí iná tó kú.

Kí la tún lè wò tó bá a tan?

Bruce Norris kọ Clybourne Park, nípa ilé tí Lena rà, láti ìhà àwọn òyìnbó. Ó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2011. Kwame Kwei-Armah kọ Beneatha's Place (2013), níbi tí Beneatha ti fẹ́ Asagai tó sì bá a dé Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí Hansberry ti gbọ́ nípa Áfíríkà kó wá William Leo Hansberry kiri, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, olùkọ́ ìtàn Áfíríkà ní Yunifásítì Howard. Nnamdi Azikiwe wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ní 1963.